Imú Ni Mo Fi Jẹun: Èmi àti Wáìnì Pupa Ilẹ̀ Ítálì ní Dubai

Nígbàkúùgbà tí mo bá sọ fún àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa pé imú ni mo fi ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń rín. Ọ̀kan nínú wọn bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Mummy, ṣé pọ́fíọ̀mù lẹ ń tà ni?" Mo ní rárá o, wáìnì ni. Wáìnì pupa ilẹ̀ Ítálì, nínú ilé oúnjẹ àwọn ará Ítálì kan tó wà nínú hótẹ́ẹ̀lì létí omi ní Deira. Iṣẹ́ mi ni láti mọ ìgò tó dára yàtọ̀ sí èyí tó ti bàjẹ́, láti mọ èyí tó bá ẹran àgùntàn mu àti èyí tí kò bá a mu, kí n sì bu ú síwájú oníbàárà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ṣókí tí yóò jẹ́ kó gbádùn rẹ̀. Sòmẹlíè ni wọ́n ń pe irú wa. Mo mọ iṣẹ́ náà dáadáa, mi ò sì ní máa fi ìtìjú sọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń rò ó lọ́wọ́ pé iṣẹ́ wo lẹ máa ṣe ní ìlú yìí, bóyá ìtàn mi á wúlò fún yín.

Fọláṣadé lorúkọ mi, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó. Bí mo ṣe dé Dubai kò gba àlàyé púpọ̀. Àǹtí mi tó máa ń wá ra ọjà ní Deira ló bá mi wá visa. Bedspace ni mo kọ́kọ́ gbé ní Satwa, àwa obìnrin bíi mélòó kan nínú yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Ilé oúnjẹ yẹn gbà mí pé kí n máa fọ gíláàsì, kí n sì máa nù ún. Owó iṣẹ́ náà ò pọ̀, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ kó tó wọlé. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ níbẹ̀.

Òórùn ló yí ayé mi padà. Ìyá mi ń yan gàrí. Láti kékeré ni wọ́n ti máa ń ní kí n fi imú kan àpò ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi òkúta tẹ̀, kí n sọ bóyá ó ti kan tó. Gàrí Ìjẹ̀bú tí kò bá kan, ta ni yóò rà á? Bí mo bá ní ó ku ọjọ́ kan, wọ́n á dúró di ọjọ́ kejì. Mi ò mọ̀ pé iṣẹ́ ni mò ń kọ́ nígbà yẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní ilé oúnjẹ náà, mo gbé gíláàsì kan sókè kí n wo bóyá ó ti mọ́. Ó mọ́, ó ń dán, ṣùgbọ́n ó ń rùn. Olórí àwọn tó ń bójú tó wáìnì ló ń kọjá lọ. Renato lorúkọ rẹ̀, àmọ́ Maestro ni gbogbo wa ń pè é. Àgbàlagbà tó ga, tí irun rẹ̀ ti funfun, tí kì í rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́. Piedmont ni wọ́n ti bí i, lápá òkè Ítálì, níbi tí wọ́n ti ń ṣe wáìnì tí wọ́n ń pè ní Barolo. Àwa tó ń fọ gíláàsì kì í bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu mi.

Mo ní, "Maestro, ẹ jọ̀ọ́, àwọn gíláàsì yìí ń rùn."

Ó gba ọ̀kan, ó gbé e sí imú. "Kí ló ń rùn?"

"Aṣọ tí a fi ń nù wọ́n ni. Inú yàrá ni wọ́n sá a sí, kò rí oòrùn."

Ó tún gbé e sí imú, ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wò mí bí ẹni pé ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí mi. Ó ní, "Lọ́la, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, wá bá mi ní yàrá wáìnì."

Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ má rò pé ó gbé wáìnì fún mi lọ́jọ́ náà. Ọ̀pọ̀ oṣù ni mo lò tí mi ò tọ́ ẹ̀kán kan wò. Omi ló máa ń ní kí n rọ sínú ìgò, kí n máa bù ú sí gíláàsì, kó má kán sílẹ̀, kí wọ́n má pọ̀ ju ara wọn lọ. Tí ẹ̀kán kan bá kán sórí aṣọ tábìlì, á ní kí n tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yọ kọ́ọ̀kì láìjẹ́ kó pariwo. Ó ní ariwo kọ́ọ̀kì wà fún àwọn tó ń ṣe fáàrí.

Òfin rẹ̀ pọ̀. Pọ́fíọ̀mù ò gbọdọ̀ kan ara mi. Róòbù ò gbọdọ̀ kan ara mi, bí orí ń fọ́ mi bí kò fọ́ mi. Mi ò gbọdọ̀ jẹ àlùbọ́sà tútù lọ́jọ́ iṣẹ́. Ní Satwa, àwọn tí à ń jọ gbé yàrá fẹ́ràn láti máa dín ẹja. Lọ́jọ́ kan mo wọ yàrá wáìnì, Maestro dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó ní, "Ta ló gbé ẹja wọ ibí?" Mi ò gbé ẹja kankan. Aṣọ iṣẹ́ mi ló fa òórùn rẹ̀ mọ́ra. Ó dá mi padà sílé lọ́jọ́ náà. Inú bí mi débi pé mo fẹsẹ̀ rìn láti ibi tí bọ́ọ̀sì já mi sí, mò ń dá sọ̀rọ̀. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, aṣọ iṣẹ́ mi ò wọ yàrá wa mọ́. Inú lọ́kà ní ibi iṣẹ́ ló ń sùn, nínú ọ̀rá. Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Tèmi ni pé kí n mọ aṣọ fọ̀.

Lẹ́yìn èyí ló ní kí n máa lọ gbóòórùn nǹkan káàkiri. Mo lọ sí ọjà èlò ọbẹ̀ ní Deira, mo di ojú, mo ń gbóòórùn kànáfùrù, èso ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ, àjàrà gbígbẹ, oríṣiríṣi dàbínù. Mo lọ dúró nítòsí ibi tí wọ́n ti ń da ọ̀dà sí títì. Ní Satwa, ọmọ Pakistan kan wà tó ń ran bàtà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n gbóòórùn awọ. Ó fún mi, ó ń wò mí. Nígbà tí mo padà wá lẹ́ẹ̀kẹta, ó ti gbé àpótí fún mi láti jókòó, ó sì sọ fún ẹni tó ń dúró de bàtà rẹ̀ pé, "Má dá a lóhùn, ara rẹ̀ ò yá díẹ̀."

Ọjọ́ tí Maestro bu wáìnì sí gíláàsì fún mi nígbà àkọ́kọ́, Barbera ni, wáìnì láti agbègbè tirẹ̀. Ó ní kí n gbóòórùn rẹ̀, kí n tọ́ ọ wò, kí n tu ú sínú garawa, kí n sọ ohun tí mo bá níbẹ̀. Mo ti ka ìwé. Mo dáhùn kíá: "Èso ṣẹ́rì pupa, sà."

"Ṣé o ti jẹ ṣẹ́rì rí?"

"Rárá, sà."

Ó gba gíláàsì lọ́wọ́ mi, ó da ohun tó kù nínú rẹ̀ nù. "Ìwé lo kà fún mi. Ìwé wà nílé mi. Tọ́ ọ wò, kí o sọ ohun tí ẹnu tìrẹ mọ̀."

Ó bu òmíràn. Mo fi í sẹ́nu, mo di ojú. Ó kan, ṣùgbọ́n adùn díẹ̀ wà lẹ́yìn kíkan náà, itọ́ sì sun sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Kí n tó mọ̀, mo ti ní, "Àgbálùmọ̀."

"Kí nìyẹn?"

Mo ṣàlàyé títí, kò yé e. Ó ní kí n mú un wá. Mo bẹ Àǹtí mi, nígbà tí àsìkò rẹ̀ dé wọ́n kó díẹ̀ sínú ẹrù wọn láti Èkó. Mo gbé e fún Maestro. Ó jẹ ọ̀kan, oje rẹ̀ lẹ ètè rẹ̀ pọ̀ bíi gọ́ọ̀mù. Ó ń fi aṣọ ìnuwọ́ nu ètè, kò lọ. Ó tún bu Barbera, ó tọ́ ọ wò, ó mi orí. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Òun náà ni." Ó kó àgbálùmọ̀ tó kù lọ sílé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé mo lè ṣe iṣẹ́ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ fún yín nípa àwọn wáìnì náà, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń bi mí pé èwo ló yẹ kí àwọn tọ́ wò. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Chianti Classico. Ó kan díẹ̀ bí ìṣápá tí wọn ò fi ṣúgà sí, ó sì bá ohunkóhun tí tòmátò bá wà nínú rẹ̀ mu. Èso àjàrà tí wọ́n fi ń ṣe é, Sangiovese, òun náà ni wọ́n fi ń ṣe Brunello, ní òkè kan tí wọ́n ń pè ní Montalcino. Ọmọ ìyá ni wọ́n, àmọ́ Brunello ti gbé inú àgbá fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó jáde, ó ti gbọ́n. Amarone wà fún àwọn tó fẹ́ nǹkan tó wúwo: wọ́n á kọ́kọ́ sá èso àjàrà náà títí á fi hun kí wọ́n tó fún un, ìdí nìyẹn tó fi dà bí dàbínù àti kànáfùrù lẹ́nu. Ó lágbára, ẹ má fi ojú kékeré wò ó. Nero d'Avola wá láti erékùṣù Sísílì, oòrùn pọ̀ nínú rẹ̀, owó rẹ̀ ò sì ga. Barolo ni ọba wọn. Tí ẹ bá wò ó nínú gíláàsì, ẹ ó rò pé wọ́n ti bu omi là á, nítorí pupa rẹ̀ ò ki. Ẹ gbé e sí imú, òdòdó rósì àti ọ̀dà ni. Ẹ fi í sẹ́nu, á fa ahọ́n yín bí obì àbàtà. Ẹran tó lọ́ràá ni kí ẹ fi jẹ ẹ́. Ẹni tó bá mu ún lásán, tó wá ní kò dùn, kì í ṣe ẹ̀bi Barolo.

Àárín àwọn ọdún yẹn ni mo pàdé Ràṣídì. Ó ń ra ọkọ̀ àlòkù ní Abu Shagara, ní Sharjah, ó ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí Èkó. Mùsùlùmí ni, kò fi ẹnu kan ọtí rí. Nígbà tí a fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà pe mí jókòó nínú ilé rẹ̀. Ó ní, "Àbúrò, mi ò ní nǹkan kan lòdì sí ọ. Ọmọlúàbí ni ọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọtí yìí, báwo la ṣe fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ará ilé?"

Kí n tó dáhùn, Ràṣídì ti gbà á sọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Àwọn ọkọ̀ tí mò ń tà, ṣé mo mọ ibi tí àwọn tó rà á ń wà á lọ? Ohun tí mo mọ̀ ni pé obìnrin yìí kì í parọ́, kì í sì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Èmi ni mo fẹ́ bá a gbé."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yí sí mi. "Ṣé o máa ń gbé e wálé?"

Mo ní, "Rárá, sà. Òfin Sharjah ò gba ọtí, èmi náà ò sì ní gbà á. Ibi iṣẹ́ lọ̀rọ̀ rẹ̀ máa parí sí."

Bí a ṣe ṣe é nìyẹn títí di òní. Abu Shagara la gbé, ibẹ̀ la bí Bọ́lá ọmọ wa sí. Láràárọ̀ ni mo ń wọ bọ́ọ̀sì láti Sharjah lọ sí Deira, mo ti mọ gbogbo súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà yẹn. Mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mi, ó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí rẹ̀. Tí mo bá dé láti ibi iṣẹ́, á bi mí pé, "Ìyá Bọ́lá, kí lẹ gbọ́ lónìí?" Mo máa ń sọ fún un: èso ọ̀pọ̀tọ́, awọ bàtà, èéfín. Á mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn ọjà.

Maestro sọ mí di igbákejì rẹ̀. A jọ ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìkanra rẹ̀ ò dínkù, ìgboyà tèmi sì ń pọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ni àrùn kòrónà dé.

Ọdún tí wọ́n ti gbogbo ayé mọ́lé, hótẹ́ẹ̀lì wa náà tì. Maestro wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣàìsàn. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, a gbàdúrà, ó sì jáde. Nígbà tí wọ́n pè wá pé ká padà wá, ooru ti mú gan-an. Ẹ mọ ooru ìlú yìí. Maestro ti rù, kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ti tóbi jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó dúró gangan bí tàtijọ́. Èmi àti ẹ̀ jọ ṣí ilẹ̀kùn yàrá wáìnì. Ooru tó wà níbẹ̀ pàdé wa bíi ti ọkọ̀ tí wọ́n pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé sínú oòrùn. Ẹ̀rọ amúlétutù ti kú, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó kú. Kọ́ọ̀kì àwọn ìgò kan ti yọ orí. Wáìnì ti sun jáde lára òmíràn, ó ti gbẹ mọ́ ọrùn ìgò bí ẹ̀jẹ̀ ojú egbò.

Múdíìrì wa, máníjà ilé oúnjẹ náà, tẹ̀ lé wa wọlé. Ọmọ Lẹ́bánónì ni, kì í ṣe èèyàn burúkú, ara rẹ̀ ni ò balẹ̀. Ó ní, "Yalla, ó yá, Maestro, ẹ tọ́ ọ wò. Ọjọ́bọ̀ la fẹ́ ṣílẹ̀kùn. Tọkọtaya wa ti ní àwọn ń bọ̀ wá jẹun, ẹ mọ̀ pé Brunello ni wọ́n máa ń béèrè." Tọkọtaya kan ni, tí wọ́n ti darúgbó. Ilé oúnjẹ wa ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún ìgbéyàwó wọn lọ́dọọdún, Brunello kan náà ni wọ́n sì máa ń mu.

Maestro ṣí ìgò Chianti kan láti òkè pẹpẹ. Ó bù ú, ó yí i nínú gíláàsì, ó gbé e sí imú, ó tọ́ ọ wò. Ó ní, "Ó dára."

Ó na gíláàsì náà sí mi, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Mo gbé e sí imú. Ọbẹ̀ tòmátò tó jóná nísàlẹ̀ ìkòkò ni mo gbọ́, àti ṣúgà tó gbiná. Ooru ti se wáìnì náà jinná. Kì í ṣe ohun tí èèyàn á fi imú wá kiri. Gbangba ló wà. Mo wo Maestro. Ojú rẹ̀ ò yẹ̀, ó dá a lójú pé ó dára, tàbí kó jẹ́ pé ó ń fẹ́ kó dá a lójú. Imú rẹ̀ ni mo ń rò, kì í ṣe wáìnì mọ́.

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ọkùnrin tó kọ́ mi níṣẹ́ ni, níwájú ẹni tó gbà á síṣẹ́. Tí mo bá ní ó bàjẹ́, mo ti dójú tì í. Tí mo bá dákẹ́, a ó gbé ìdọ̀tí síwájú àwọn tó fọkàn tán wa. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lejò ń gun àgbọn. Mo sọ fún múdíìrì pé, "Ẹ fún wa láàyè díẹ̀, sà. Ìgò yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀ ni. A ó fún yín lésì lẹ́yìn ìrun Àsírì."

Ó wo aago. "Khalas, ó tán. Lẹ́yìn Àsírì." Ó jáde.

Mo ti ilẹ̀kùn. Mo ní, "Maestro, láti ìgbà wo lẹ ò ti gbóòórùn mọ́?"

Ojú rẹ̀ le. "Kí lo ń sọ? Ṣé ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi?"

Mo ní, "Rárá, sà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ìdí tí mi ò fi lè dákẹ́ nìyẹn. Wáìnì yìí ti jinná."

Ó gbé gíláàsì náà sí imú lẹ́ẹ̀kan sí i, ó fa èémí débi tí èjìká rẹ̀ fi gbé sókè. Lẹ́yìn náà ó jókòó lórí páálí tó wà nílẹ̀. Mi ò rí i kó jókòó lẹ́nu iṣẹ́ rí.

Ó ní, "Láràárọ̀ ni mò ń po kọfí. Omi gbígbóná ni mò ń mu. Mo rò pé á padà wá kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀."

Mo jókòó tì í. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Kí lo gbọ́ nínú rẹ̀? Sọ ọ́ dáadáa." Mo sọ ọ́. Ó mi orí, ó dìde, ó tún kọ́là rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Èmi ni mo máa sọ fún un. Má bá mi sọ ọ́."

Nígbà tí múdíìrì padà dé, Maestro sọ gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan pa mọ́: pé imú òun ti lọ, pé òun ti ṣi ìdájọ́ ṣe, pé wáìnì tó wà ní òkè pẹpẹ ti bàjẹ́. Múdíìrì di orí mú. Ó ní, "Habibi, ta ni nínú àwọn oníbàárà ló máa mọ̀? Ẹ jẹ́ ká tà á bẹ́ẹ̀."

Maestro ní, "Ẹ lè tà á. Kò ní jẹ́ èmi ni mo máa gbé e síwájú wọn."

Múdíìrì yí sí mi. "Ṣadé, ṣé o lè ya èyí tó dára kúrò lára èyí tó bàjẹ́?"

Mo ní, "Mo lè yà á." Mi ò fi kún un, mi ò yọ kúrò nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé mo lè ṣe é.

A kò lè ṣí gbogbo ìgò. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n Maestro ti wúlò. Ó mọ ibi tí ooru máa ń gbà nínú yàrá náà, ó mọ èyí tí ara rẹ̀ le nínú àwọn wáìnì náà àti èyí tí kò lè fara da nǹkan kan. Á di ìgò mú síwájú iná, á wo ibi tí wáìnì dé lọ́rùn rẹ̀, á fi àtàǹpàkò tẹ orí kọ́ọ̀kì, á ní, "Ṣí èyí." Èmi á ṣí i, màá gbóòórùn rẹ̀. "Ó ti lọ." Tàbí, "Ó wà láàyè." Àwọn tó wà ní òkè ti lọ pátápátá. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni ìrètí ń pọ̀. Ọ̀pọ̀ Barolo àti Amarone tó wà nísàlẹ̀, lẹ́bàá ògiri tó wà lápá ibi tí oòrùn kì í dé, ló yè. Èyí tó bàjẹ́ díẹ̀, alásè fi se ẹran màlúù. Ìyókù, a dà á nù, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo kíṣìnnì.

Brunello ló dà wá láàmú jù. Àwọn tí a kọ́kọ́ ṣí ti jinná. Ọ̀kan péré ló kù nínú irú èyí tí tọkọtaya yẹn máa ń mu, a ò sì lè ṣí i kó tó di ọjọ́ náà. Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n dé, ìyàwó di ọkọ rẹ̀ lápá mú. Mo ṣí ìgò náà níwájú wọn. Mo mọ̀ pé Maestro dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ó ń wò mí. Mo bu díẹ̀ sí gíláàsì tèmi, mo gbé e sí imú. Èso gbígbẹ, awọ, ewé tútù díẹ̀. Ó yè. Mo bu fún wọn. Ìyàwó náà tọ́ ọ wò, ó ní, "Bí tèṣí ló ṣe rí." Ọkọ rẹ̀ ní, "Ó sàn ju tèṣí lọ. Lọ́dún yìí, a wà láàyè láti mu ún."

Mo wo ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì, mo mi orí. Maestro náà mi orí, ó sì padà wọlé.

Kò pẹ́ sígbà náà tó padà sí Ítálì. Kò sẹ́ni tó lé e. Òun fúnra rẹ̀ ló ní ó tó. Múdíìrì fi ipò rẹ̀ fún mi. Maestro bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "Yàrá náà ti di tìẹ. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dín ẹja nítòsí rẹ̀." Ìgbà yẹn ni mo sunkún.

Mo ṣe olórí níbẹ̀ títí eékún mi fi ní kí n jókòó. Ohun èlò yí padà lójú mi. Abẹ́rẹ́ kan dé tí wọ́n máa ń gún gba inú kọ́ọ̀kì kọjá, á fa wáìnì jáde láìṣí ìgò, tí èèyàn fi lè ta Barolo ní gíláàsì kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ìwé wáìnì wa di ohun tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀ lórí tábílẹ́ẹ̀tì. Àwọn oníbàárà ń fi fóònù ya àwòrán ìgò, fóònù á sì sọ fún wọn bóyá ó dára. Sunita, ọmọ Nepal tí mo kọ́ níṣẹ́, máa ń bínú sí èyí. Mo máa ń sọ fún un pé, "Jẹ́ kí wọ́n yà á. Fóònù mọ ohun tí àwọn èèyàn sọ nípa ìgò tó jọ ọ́. Ìgò tó wà lọ́wọ́ rẹ yìí, ìwọ nìkan lo lè gbóòórùn rẹ̀." Sunita ló wà lórí ipò mi báyìí, kò sì rọrùn fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ tí èèyàn fi ara rẹ̀ ṣe, ara náà ló gbọdọ̀ tọ́jú. Ẹ má parọ́ nípa ohun tí ẹ ò mọ̀, ẹ má sì tijú ohun tí ẹ mọ̀ láti ilé. Ẹ wá ọ̀gá tó le, kì í ṣe ìkà. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀: ọ̀gá ìkà ń fẹ́ kí ẹ máa bẹ̀rù òun, ọ̀gá tó le ń fẹ́ kí iṣẹ́ dára.

Lọ́dún tí mo fẹ̀yìn tì, Maestro kọ̀wé sí wa pé ká wá kí òun. Èmi àti Ràṣídì lọ, ní àsìkò tí wọ́n ń ká èso àjàrà. Ilé rẹ̀ wà lórí òkè, oko àjàrà yí i ká. Ràṣídì rìn wọ àárín oko náà, ó já èso Nebbiolo tí wọ́n fi ń ṣe Barolo, ó jẹ ẹ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi pupa. Ó ní, "Ìyá Bọ́lá, ó dùn. Kí ló dé tí wọn ò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?" Ìyàwó Maestro rẹ́rìn-ín, ó lọ bá a gbé omi èso wá.

Maestro ti dàgbà gan-an. Ó ní imú òun padà díẹ̀: òun ń gbọ́ èéfín, òun ń gbọ́ ọsàn, èyí tó kù ò wá. A jókòó síta lábẹ́ igi. Ó ṣí Barolo kan tó ti pẹ́, ó bù ú fún mi, ó bu díẹ̀ fún ara rẹ̀.

Ó ní, "Sọ fún mi. Kí ló wà níbẹ̀?"

Mo gbé e sí imú. Mo ti fi gbogbo ọjọ́ ayé iṣẹ́ mi ṣe èyí, inú mi sì dùn pé èmi ni màá sọ fún un. Mo ní, "Ọ̀dà wà níbẹ̀, sà. Awọ wà níbẹ̀. Mi ò tíì rí rósì."

Kò gbé tirẹ̀ sí imú rárá. Ó yí gíláàsì rẹ̀ lójú oòrùn, ó wo àwọ̀ rẹ̀ pẹ́, ó fi díẹ̀ sẹ́nu, ó jẹ́ kó dúró lórí ahọ́n rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wò mí bó ṣe máa ń wò mí nígbà tí mo bá da omi sórí aṣọ tábìlì.

Ó ní, "Rósì wà níbẹ̀. Ìwọ lo ń kánjú. Gbé e sílẹ̀ kó mí díẹ̀."

Ràṣídì wò mí, ó ń dá ẹ̀rín dúró. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Mo gbé gíláàsì náà sílẹ̀ lórí tábìlì, mo ká ọwọ́ mi sí itan, mo sì dúró dè é.